Ègé Kọkànlélógójì

Ìlà kan ṣoṣo ló kù lórí fọ́ọ̀mù tó wà nínú àpò obìnrin aránṣọ kan, ìlà ìfọwọ́sí. Bó bá fọwọ́ sí i, yunifásítì gbọ́dọ̀ dá ọpọlọ ọkọ rẹ̀ padà kí wọ́n sin ín mọ́ ara tó kù. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ẹbí kò ní jẹ́ kó sinmi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ló lọ gba fọ́ọ̀mù náà wá. Ọ̀gá ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìntì. Láti ọdún kan àbọ̀ tí àbúrò rẹ̀ ti kú, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: "Ìyàwó, o gbé orí àbúrò mi fún àlejò." Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fún àwọn oníwádìí ní ọpọlọ òun, nígbà tí iyè rẹ̀ kò tíì ra tán. Ọgbọ̀n ọdún ló fi pín lẹ́tà. Kò sí ojúlé tí kò mọ̀ nílùú. Nígbà tó yá, ó ń kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀, ó ń bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ń gbé ibí?"

Aránṣọ kì í bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ jiyàn. Ìbẹ̀rù tirẹ̀ yàtọ̀. Obìnrin tó kórìíra òfò ni; àjákù aṣọ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ní iṣẹ́ tó ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń bẹ̀rù pé wọ́n ti gbé ọkọ òun sínú ike kan, wọ́n sì ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ìgbà tí ìwé ìpè dé, pé àwọn tó ń wádìí ọpọlọ ní yunifásítì fẹ́ ṣe ọjọ́ ìwádìí wọn ọdọọdún, kí ẹbí àwọn tó fi ọpọlọ sílẹ̀ sì wá, ẹ̀gbọ́n ní, "A ó lọ. Ojú wọn ni wàá ti fọwọ́ sí i."

Gbọ̀ngán náà gùn. Pákó dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ìwé ńlá aláwòrán wà lára ìkọ̀ọ̀kan, ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà sì dúró tì í, ó ń ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan tó wọ kóòtù funfun pàdé wọn, ó mú wọn lọ sídìí pákó tirẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni ẹbí Nọ́ńbà Kejìdínlógún, mà?"

"Ó lórúkọ," ni ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn.

"Ẹ má bínú, mà. Òfin ni pé àwa ò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n."

"Ibo lẹ gbé e sí?" ni aránṣọ béèrè.

Ọmọbìnrin náà nawọ́ sí àwo dígí kan lábẹ́ maikirosíkópù. Ègé kan rèé lára rẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, kò sì nípọn ju irun orí kan lọ.

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀, ó fojú kan wò ó bí ẹni tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Kùrukùru ló kọ́kọ́ rí. Akẹ́kọ̀ọ́ yí nǹkan kan, kùrukùru ká.

Òwú ni. Òwú tó tínrín ju gbogbo èyí tó ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ. Ó pẹ̀ka, ẹ̀ka rẹ̀ tún pẹ̀ka, ọ̀kan ń nawọ́ sí èkejì. Kò sí kókó, kò sí ojú rírán níbì kankan. Ṣùgbọ́n láàárín wọn, àwọn kan ti lọ́ pọ̀, bí òwú ṣe ń dì sínú ẹ̀rọ nígbà tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò wojú iṣẹ́.

"Àìsàn náà nìyẹn, mà. Ibi tó lọ́ yẹn."

"Kí ni ibí yìí ń ṣe nígbà tí ara dá?"

"Ibẹ̀ ló ń tọ́jú ọ̀nà. Òun lèèyàn fi ń mọ ibi tó ń lọ."

Aránṣọ gbójú kúrò. Ó wo èékánná ìka rẹ̀ tó kéré jù. Ibi tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wò kò tó o. Gbogbo òpópónà ìlú, gbogbo ojúlé, ajá tó ń bu ni jẹ àti èyí tó kàn ń gbó lásán, inú ibẹ̀ ni ọkọ òun kó wọn sí fún ọgbọ̀n ọdún! Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún wò ó, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ta ló gé e?" ló béèrè nígbẹ̀yìn.

"Bàbá Tínrín, bí a ṣe ń pè wọ́n nìyẹn. Àwọn ló ń gé gbogbo rẹ̀."

Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó jókòó ti àpótí pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn pákó dìde. "Èmi ni, mà. Igba ègé ló ti jáde, ẹyọ kan ò sọnù. Èyí tó bá ya, mo tọ́jú rẹ̀, òun làwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àwọ̀ sí i."

"Ẹ sì ṣá a létí," ni aránṣọ wí, ó nawọ́ sí ojú abẹ kékeré kan létí ègé náà.

Ojú Bàbá Tínrín là. "Ẹ rí i? Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo máa ń fi abẹ ṣá díẹ̀ kí n tó gé e. Tó bá ti di ègé, òsì àti ọ̀tún jọra bí ìbejì."

"Bẹ́ẹ̀ làwa náà ń fi àlùmọ́gàjí ṣá apá aṣọ." Ó kọjú sí pákó, níbi tí wọ́n to àwòrán ọgọ́ta ègé sí. Ó ń fi ìka tọ etí wọn lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka náà dúró. "Òdì lẹ gbé èyí sí."

"Rárá, mà," ni akẹ́kọ̀ọ́ sọ kíá. "Ègé kọkànlélógójì nìyẹn. Òun ni àbájáde mi. Apá ọ̀tún ni àìsàn náà ń jẹ jù bọ̀ látòkè, bó ṣe débẹ̀ ló fò sí òsì, ó sì tún fò padà. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń wá ìdí rẹ̀."

"Wo etí rẹ̀, ọmọ mi. Gbogbo àwọn yòókù, apá ibí la ti ṣá wọn. Tiẹ̀ wà lọ́hùn-ún."

Bàbá Tínrín ti ṣí àpótí. Ó gbé dígí náà sókè sí iná, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Òótọ́ ni. Ta ló lẹ èyí mọ́ dígí?"

"Èmi ni, sà," ni akẹ́kọ̀ọ́ wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Oṣù mẹ́rin!" Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọdún kan àbọ̀. "Ìyàwó wa, ìwọ tí o ò wọ yunifásítì?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá ti rán apá òsì sọ́wọ́ ọ̀tún rí, tí oníbàárà rí i, kì í gbàgbé."

Ẹ̀rín náà tán, ẹ̀gbọ́n rántí ohun tó gbé e wá. "A wá gba èèyàn wa ni o."

Bàbá Tínrín kò jiyàn. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́, màá kó gbogbo rẹ̀ fún yín lónìí, pẹ̀lú àjákù rẹ̀. Ó pé."

Ó pé. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ aránṣọ lára. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí," ló wí. "Mi ò ní fọwọ́ sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ibi tó tọ́jú ilé yín sí."

Ẹ̀gbọ́n súnmọ́ tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di etí tábìlì mú. Ìgbà tó nà dìde, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Àti ojúlé tèmi, inú ibẹ̀ náà ló wà?"

"Inú ibẹ̀ náà ni, mà," ni akẹ́kọ̀ọ́ dá a lóhùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ìwé tí yóò kọ nọ́ńbà sí, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ etí igba ègé náà wò látòkè délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ki ọwọ́ bọ àpò aránṣọ, ó fa fọ́ọ̀mù náà yọ, ó sì yí i padà.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́," ló wí. "Kọ ọ́ síbí. Kí lẹ́tà rẹ dúró dáadáa."

Aránṣọ ti bẹ̀rẹ̀ sórí àpótí. "Ọ̀kan, òsì," ló ń kà. "Èjì, òsì."