Orúkọ Tí Wọ́n Fi Ọwọ́ Pè Mí

Ẹ jókòó kí n ròyìn àlá tí mo lá lóru àná fún yín. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti wà ní Kánádà níbí, ṣùgbọ́n oorun kò mọ̀. Tí mo bá ti dijú, Ìkìrun ló máa ń gbé mi lọ, sí ilé ìwé àwọn adití tí mo ti ṣe tíṣà fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Mo bá ọ́fíìsì wa lójú òfurufú, lókè igi máńgòrò. Okùn ìsáṣọ ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e dé Ìrágbìjí. Kò yà mí lẹ́nu. Ìwé ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ló wà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú kí àsíá pupa tó wálẹ̀. A kì í lu agogo fún adití, ẹ ṣáà mọ̀; àsíá la máa ń fà. Tí àsíá bá fi lè kanlẹ̀, ọdún mọ́kàndínlógún mìíràn ni màá tún fi kọ́ni láìsinmi.

Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ṣe àkàbà tí mo gùn.

"Ẹ rọra o, Tíṣà," ni àkàbà wí. "Ẹ ti fi mí kọ̀wé títí, ẹ tún wá fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ mí?"

Mo ní kó má bínú.

Alàgbà Ọ̀jẹ́wùmí, ọ̀gá tó ń buwọ́ lu ìwé ìsinmi, ló jókòó sínú ọ́fíìsì.

"Tíṣà, ṣé dáadáa ni?"

"A dúpẹ́, sà."

Irùngbọ̀n yọ ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, sà."

Ìwo méjì yọ.

"Kò sí wàhálà kankan?"

"A dúpẹ́ gan-an ni, sà."

Ọ̀gá di òbúkọ pátápátá. Ó na ọrùn, ó fi eyín fa ìwé mi, ó ń jẹ ẹ́ lọ. "Ẹni tó ń dúpẹ́ tó báyìí," ó ní, "kí ló fẹ́ fi ìsinmi ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu lójú mi. Mo tilẹ̀ lọ bu omi wá fún un kí ìwé má baà há a lọ́fun.

Inú amù ni Ìbídùnní ti yọ sí mi, ọmọ tó gbọ́n jù nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́. Aṣọ rẹ̀ kò tutù. Ó fi ìka méjì ra ìpéǹpéjú rẹ̀. Orúkọ mi nìyẹn. Ọdún kẹta mi níbẹ̀ ni àwọn ọmọ sọ mí bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń fi í yangàn.

"Kí ló ń wí?" òbúkọ bi mí.

"Orúkọ mi ló ń pè, sà."

Ìbídùnní mi orí. Ó fi ọwọ́ sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: "Kì í ṣe orúkọ. 'Ó ti rẹ̀ yín' là ń wí. Ojoojúmọ́ là ń wí i, ẹ sì ń jẹ́ ẹ bí orúkọ."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan o," òbúkọ ní.

Ìbídùnní wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Ó fi ọwọ́ ní: "Ta ló wá dití nínú wa?"

Mi ò túmọ̀ ìyẹn. Ọ̀gá ṣì lọ̀gá.

Àsíá ti ń wálẹ̀. Mo ṣí fìlà. "Sà, ó rẹ̀ mí."

Ìwo kan já bọ́. "Ẹ tún un wí."

"Ó rẹ̀ mí dé eegun, sà."

Ìwo kejì já. "Ó rẹ èmi náà," ó ní. "Láti ìgbà tí mo ti jókòó síbí, kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Ìwé ti tán sí i nínú, ó bá fi pátákò buwọ́ lu àtẹ́lẹwọ́ mi. Bó ṣe gbé pátákò kúrò ni àsíá kanlẹ̀. Àwa mẹ́ta jókòó sójú fèrèsé, à ń mi ẹsẹ̀ lókè igi máńgòrò.

Mo jí. Ìka mi méjì wà lórí ìpéǹpéjú mi. Fóònù ń dún. Títílọpẹ́ ọmọ mi ni. Òun náà ń kọ́ àwọn ọmọ adití níbí, àràárọ̀ ló sì máa ń pè mí kó tó lọ síbi iṣẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Dádì. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"A dú..." Mo gbé e mì. "Ó rẹ̀ mí díẹ̀, ọmọ mi. Ìwọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, sà," ó ní kíá.

Mo po tíì, mo dúró. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó fa àga.

"Dádì," ó ní, "ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ mí."

Tíì ti tutù pátápátá kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo mu ún bẹ́ẹ̀. Ó dùn.