Ẹrù Job Lọ sí Ìkórè

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí wa, tó sì fi àyè sílẹ̀ nínú yàrá wa tí a lè kúnlẹ̀ sí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé kan wà ní Àgídìngbì tí kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Arákùnrin Job ló ń gbé ibẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí iléeṣẹ́ kan n'Íkẹjà, níbi tí ẹrù kì í ti í jáde láìsí ìwé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé òfin náà wálé. Fáànù tí kò fẹ́ mọ́, kúlà tí kò lọ́mọrí, tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́, àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta: wọ́n kún yàrá kejì dé àjà.

Ìyàwó rẹ̀, Bọ́sẹ̀dé, gbọ́ láti Ìjerò pé ìyá òun ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú.

"Bàbá Jọmí, níbo ni Màmá máa sùn?"

"A ó ti ẹrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ẹ̀gbẹ́ wo?"

"Ìyá Jọmí, ó máa wúlò lọ́jọ́ kan!"

Bọ́sẹ̀dé gbàdúrà, ó sì rí ọ̀nà. Ìkórè ìjọ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní Sátidé tí Job lọ sípàdé, Bọ́sẹ̀dé ní kí Díákónì Olúwaníyì wá kó gbogbo ẹrù náà lọ fún básà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọrẹ ìkórè lu gbàǹjo. Ó gbálẹ̀, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti ilẹ̀kùn pa.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Job nìkan ló lọ sí ìkórè. Bọ́sẹ̀dé lọ pàdé ìyá rẹ̀ ní Agége. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ni ọkọ̀ akẹ́rù fọn fèrè lẹ́nu géètì.

"Ìyá Jọmí, wá wo ìbùkún!" Job ń làágùn, ó ń yọ̀. "Kò sẹ́ni tó dá owó lé ẹrù wọ̀nyí ní básà, àánú iṣẹ́ Olúwa ṣe mí, mo ra gbogbo rẹ̀! Wo fáànù yìí, bí ìbejì tiwa! Díákónì kàn ń ṣẹ́jú sí mi ṣáá. Mo ní bóyá owó mi kéré ni, mo bá fi kún un."

Ó sáré wọlé láti lọ ṣètò àyè. Kò bá ẹrù kankan ní yàrá, àfi Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ó gbójú sókè.

"Àwọn tiwa dà?"

"Àwọn ló wà nínú ọkọ̀ yẹn," ni Bọ́sẹ̀dé wí.

Màmá ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Job, ọmọ mi, lọ́la ni mò ń lọ rí dókítà ojú. Ṣé kí a jọ lọ?"

Bọ́sẹ̀dé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, Job náà kò lè mú un mọ́ra. Ó jáde.

"Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó yí, ó ti fa àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bọ́ sílẹ̀. Ó gbé e ti ògiri lẹ́nu géètì, níta.

Ìwọ tí o ka èyí, kí Olúwa fún ọ ní èyí tó tó ọ, kó má fi ẹrù gba ibùsùn ìyá rẹ. Àmín.