Ewédò Inú Àpótí Dígí

Láti ọjọ́ tí Adéṣọlá ti gbé àpótí ẹja olómi iyọ̀ wọ pálọ̀ wọn ní Padova, ní ilẹ̀ Ítálì, ni Adéríbigbé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ti ń wò ó bí ẹni rí èkúté nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé láti ìgbà tí magazzino, ilé ìkẹ́rùsí tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Sesto San Giovanni ti kógbá sílé. Akínlolú, ọkọ Adéṣọlá, ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Genova. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Àwọn méjì yòókù ni wọ́n ń fojú ko ojú lójoojúmọ́.

"Ẹni tí kò tíì bímọ ló ń fi omi iyọ̀ tọ́ ẹja," Adéríbigbé wí lórí fóònù, ó sì rí i dájú pé Adéṣọlá gbọ́.

Adéṣọlá ń bọ́ ẹja rẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí inú òkun ló kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe jẹun. Ẹja aláwọ̀ ọsàn méjì inú àpótí yẹn nìkan ló kù tó jọ ohun tó kà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìdọ̀tí pupa rúsúrúsú bo yanrìn. Kò bẹ̀rù, àpótí tuntun a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ewédò tó gùn bí irun bo àwọn òkúta, dígí sì ń yọ̀ bí ilá. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á, ó ń fà á tu, ó dín iná àpótí kù sí wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún ti hù.

Ọkàn rẹ̀ lọ tààrà sọ́dọ̀ Adéríbigbé. Oúnjẹ ẹja tó bá pọ̀ jù a máa di ajílẹ̀ fún ewédò, ta ló sì ń wà nílé ní gbogbo ọ̀sán? Lọ́jọ́ Sátidé, ó kò ó lójú níwájú Akínlolú.

"Bọ̀dá mi, kí lẹ ń dà sínú omi yìí?"

Adéríbigbé gbé ṣíbí kalẹ̀. "Èmi?"

"Ẹ̀yin ni. Ìkà lẹ fi ń ṣe é."

"Akínlolú, ṣé o gbọ́? Ìyàwó rẹ pè mí ní ìkà nítorí ẹja tí a kò ní sè."

"Tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn," ni Akínlolú wí.

"N kò ní tọrọ."

Adéríbigbé wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Adéṣọlá wá ẹ̀rí. Ó bu omi àpótí sínú ife, ó kán oògùn ìdánwò sí i. Omi náà di búlúù, àmì pé ajílẹ̀ kún inú rẹ̀. Ó tún kán an sínú omi tó fi ẹ̀rọ asẹ́mi sẹ́, èyí tó máa ń po iyọ̀ sí kó tó dà á sínú àpótí. Ìyẹn náà di búlúù. Ó tún un ṣe, búlúù ni. Àlòkù ni ẹ̀rọ náà, asẹ́ inú rẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ ewédò, garawa lórí garawa.

Ó lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó síwájú dígí, ó bínú sí ara rẹ̀, ó sì tún bínú sí ọkùnrin náà nítorí pé kò jẹ̀bi.

Ó pààrọ̀ asẹ́, ó ń pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó kó ìgbín òkun márùn-ún sí i kí wọ́n máa jẹ ìyókù. Nígbà tí ewédò bẹ̀rẹ̀ sí í funfun tó sì ń já, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá Adéríbigbé.

"Bọ̀dá mi, omi tèmi ló fà á. Ẹ forí jì mí."

Adéríbigbé ń di ẹrù. Ó ti ríṣẹ́ sí Torino. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ojú àbúrò mi lo ti bú mi. Àbúrò mi dà níbí?"

"Màá sọ fún ọkọ mi."

"Sọ ọ́. Àmọ́ n kò fẹ́ràn rẹ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́. Ẹja kọ́ ló fà á."

Adéṣọlá dìde. "Èmi náà kò fẹ́ràn yín, sà."

"Ó dáa." Ó gbé báàgì, ó fi èjìká gbá a kọjá, ó lọ wọ tram, ọkọ̀ irin ìgboro.

Kí ó tó dé stazione, ibùdókọ̀ ojú irin, Adéṣọlá ti pe Akínlolú, ó ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. "Mo gbọ́," ni Akínlolú wí, ó sì pa fóònù. Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, Torino ló gbà lọ, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò wá sí Padova. Adéṣọlá nu dígí. Omi náà mọ́ gaara, èèyàn lè rí ògiri lẹ́yìn rẹ̀.