Oògùn Tí Wọ́n Pín sí Méjì

Bàbá mi kì í ṣí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Télọ̀ ni, aṣọ funfun ni wọ́n sì ń gbé wá fún un jù. Eruku ojú títì kò kúkú mọ aṣọ ìyàwó yàtọ̀. Inú yàrá há-há yẹn ni òun àti àbúrò rẹ̀, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, ti ń kẹ̀yìn síra wọn ránṣọ. Ohun gbogbo ni wọ́n ń pín: àlùmágàjí kan, áyọ́ọ̀nù kan, búrẹ́dì ọ̀sán.

Nígbà tí ikọ́ dé, wọ́n pín òun náà.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó rù kan eegun. Bàbá Kékeré ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín dín ṣòkòtò yẹn kù, kó tó dójú tì yín níta."

Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, ó gbóògùn. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà gbáko ni yóò fi lò ó, ara ìbáà tilẹ̀ ti yá. Ó ní kí gbogbo ará ilé wá ṣe àyẹ̀wò. Gbogbo wa lọ, àfi Bàbá Kékeré. Ó ń fẹ́ ìyàwó lọ́wọ́, òun náà sì ti ń wúkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, bí àwọn àna mi bá gbọ́, ṣé wọ́n á fún mi lọ́mọ wọn?"

Bàbá mi kó oògùn rẹ̀ jáde. "Ara tèmi kúkú ti ń yá. Gba ìdajì. Ohun tó wo ẹ̀gbọ́n á wo àbúrò."

Ìyá mi, tó ń já òwú lára aṣọ nítòsí, sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìfẹ́ lòun pe ìyẹn.

Fún ìgbà díẹ̀, ó jọ pé wọ́n ti rẹ́ àìsàn jẹ. Àfi lọ́jọ́ kan tí Bàbá mi wúkọ́, tí ẹ̀jẹ̀ kán sára aṣọ funfun oníbàárà.

Nọ́ọ̀sì wá bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù. "Bàbá, ẹ na ejò, ẹ ò pa á. Ó ti wá mọ ọ̀pá yín báyìí. Oògùn yẹn ò ràn án mọ́, ẹ̀mí yín ló sì wà níbẹ̀. Ó dájú pé ẹ ò lò ó pé. Ta lẹ fún níyòókù?"

Bàbá Kékeré ló dìde lẹ́yìn máṣínì rẹ̀.

"Èmi ni."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin náà wá kan fèrèsé ṣọ́ọ̀bù gbà-gbà-gbà.

"Ẹ ṣí i! Inú yàrá tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ ni ikọ́ ti ń ràn. Ìta níbí ni mo máa jókòó sí. Ìwọ ọkùnrin yìí, ikọ́ lo fi pa mọ́ fún mi? Lo oògùn rẹ tán ná, ká tó sọ̀rọ̀ aṣọ ìgbéyàwó."

Oògùn kejì tí wọ́n fún àwọn méjèèjì le, ó sì pẹ́ gan-an ju ti àkọ́kọ́ lọ. Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì yè é, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yẹn mú etí Bàbá mi lọ. Ọwọ́ ló wá ń gbé lé máṣínì kó tó mọ̀ bóyá ó ń sáré dáadáa. Kò sì mọ bí ohùn òun ti ń lọ sókè tó mọ́. Bí oníbàárà bá wúkọ́ pẹ́nrẹ́n, tójú rẹ̀ sì rí i, gbogbo àdúgbò á gbọ́:

"ṢÉ O TI ṢE ÀYẸ̀WÒ? BÓ O BÁ Ń LO OÒGÙN, LÒ Ó TÁN! MÁ PÍN IN FÚN ẸNIKẸ́NI!"

Àwọn ọmọdé a máa sín in jẹ. Síbẹ̀, mo mọ àwọn tí ohùn yẹn lé dé ilé ìwòsàn.

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀. Ibi tí mò ń gbé báyìí tutù, àwọn ọmọ mi a sì máa bi mí pé kí ló dé tí n kì í ti fèrèsé pa pátápátá. Ohun tí ìyá mi máa ń sọ fún àwọn oníbàárà tó bá ń ṣàròyé nítorí eruku tó ń gba fèrèsé wọlé bá aṣọ funfun wọn ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn:

"Eruku ṣeé fọ̀."