Òrùka Ilẹ̀kùn Mahrokh

Ọ̀nà Kerman ṣì jìn, síbẹ̀ Kambiz yà sí ìlú Yazd. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó fojú kan Mahrokh, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, gbẹ̀yìn. Arúgbó náà ti fọ́jú. Ẹ̀rù ń ba Kambiz pé kò ní dá òun mọ̀.

Irin méjì ló máa ń wà lára ilẹ̀kùn níbẹ̀: gbọọrọ lọkùnrin fi ń kàn án, òrùka ni tobìnrin, kí ọkùnrin lè ṣí i fọ́kùnrin, kí obìnrin ṣí i fóbìnrin. Nígbà èwe, bí Kambiz bá pẹ́ níta, òrùka ló máa ń kàn, kí Mahrokh lè ṣílẹ̀kùn dípò ọkọ rẹ̀ tó le. Lónìí náà, òrùka ló kàn, lẹ́ẹ̀mẹta.

“Kambiz! Ìpáńle! Títí dòní, o ò tíì mọ̀ pé ọkùnrin ni ẹ́?”

Ohùn Mahrokh ni, láti inú ilé. Kambiz forí ti pákó ilẹ̀kùn tó gbóná, ó ń gbọ́ bí sálúbàtà ṣe ń wọ́ bọ̀.