Ìbòtí Kápíténì

Láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ni ọmọbìnrin kan ti gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lókè: “Kápíténì! Kápíténì mi dà?” Ọ̀gá ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló dáhùn, bàbá onírùngbọ̀n funfun kan tó rò pé òun ni wọ́n ń pè, làwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lókè bá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà fi iwájú orí ti ògiri irin. Ó tán, ọ̀rọ̀ di ojú-ko-ojú.

Kápíténì ni wọ́n ń pè é nílé látìgbà tó ti wà ní kékeré, tó máa ń jókòó sínú ọpọ́n ìfọṣọ, táá máa nawọ́ pàṣẹ fún gbogbo ilé. Ìyá rẹ̀, aránṣọ, ló sọ ọ́ lórúkọ ọ̀hún, òun náà ló sì gbà á gbọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ ò tíì pẹ́ nílé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ojú omi tí ìyá ti rán ẹ̀wù funfun ọ̀gá ọkọ̀ sílẹ̀ dè é, tó fi òwú aláwọ̀ wúrà sí èjìká rẹ̀. Ẹ̀wù náà di òrìṣà nínú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, ìyá á ní, “Ọwọ́ ẹ dà? Jẹ́ n rí i, tàtẹ́lẹwọ́ tẹ̀yìn.”

Lọ́dún kìíní, ohun kan náà ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń kọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín. Àwọn kan á gba òkè lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tukọ̀, àwọn yòókù á gba ìsàlẹ̀ lọ sídìí ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ tí wọ́n bá pín ni wọ́n ń pe àwọn òbí wá sínú ọkọ̀. Òbí olókè á dé ọmọ rẹ̀ ní fìlà. Òbí onísàlẹ̀ á fi ìbòtí bo ọmọ rẹ̀ létí, ohun kan bí abọ́ kékeré méjì tí wọ́n so pọ̀, tí kì í jẹ́ kí ariwo ẹ́ńjìnnì ba etí jẹ́. Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá kọ̀, ilé ló ń lọ di ọdún tó ń bọ̀.

Fìlà ni ìyá rò pé òun wá dé. Ọmọ ò sì sọ fún un. Bàbá nìkan ló sọ fún, ọwọ́ ló sì fi sọ ọ́.

Ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ibẹ̀ náà ló fi etí méjèèjì sílẹ̀ sí. Kì í ṣe pé wọn ò fún un ní ìbòtí o. Òun ló máa ń yọ ọ́. Ó ní ẹ́ńjìnnì tó bá fẹ́ ṣàìsàn, ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yí padà, òun sì fẹ́ gbọ́ ọ kó tó dákú. Ó gbọ́ ọ, ó gbọ́ ọ, títí kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sọ̀rọ̀ nínú ilé náà nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn. Tí ìka bá fa etí, bàbá nìyẹn. Tí ìkúùkù bá kan àtẹ́lẹwọ́, oúnjẹ ti jinná. Èyí tí ìyá fi ń bú bàbá, kò ṣe é túmọ̀ níwájú àlejò. Ọmọ náà ti mọ gbogbo rẹ̀ kó tó mọ ọ̀rọ̀ ẹnu sọ.

Nígbà tí bàbá rí i pé ìsàlẹ̀ lọmọ yàn, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, lẹ́yìn náà ló wá na ìka sí yàrá ìránṣọ: ìyẹn ńkọ́? Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ ìpín mọ́, ó ní orúnkún ń dun òun, òun ò lè bá wọn lọ. Orúnkún tí kò dùn ún lánàá.

Bàtà ìyá ti ń ró bọ̀ lórí àtẹ̀gùn irin. Ó fi ọwọ́ kan di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó fi ìkejì gbé ẹ̀wù funfun náà sókè kí gírísì má baà kàn án. Àwọn òbí yòókù ti ṣe tiwọn, wọ́n ti gòkè lọ. Tíṣà ẹ́ńjìnnì kí i káàbọ̀, ó sì na ìbòtí sí i. Ìyá gbé ẹ̀wù náà kọ́ èjìká, ó gbà á.

“Kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe?”

“Ẹ fi bo ọmọ yín létí ni, Mà.”

Ìyá wo ìbòtí, ó wo ọmọ. Ohùn rẹ̀ ò ga nígbà tó sọ̀rọ̀.

“Ṣé wọ́n fipá mú ẹ ni?”

“Rárá, Mà. Èmi ni mo fẹ́ ẹ. Odindi ọdún kan ni mo fi ń dúró lókè yẹn, Màámi. Ojú mi wà lókè, etí mi wà nísàlẹ̀ níbí.”

“Má dárúkọ etí fún mi.” Ìyá nawọ́ sí ẹ́ńjìnnì. “Lọ́jọ́ tí mo bí ẹ, bàbá ẹ ò gbọ́ igbe ẹ. Mo gbé ẹ fún un, ó ń wo ẹnu ẹ. Ẹ́ńjìnnì ti jẹ etí ẹnì kan nílé mi. Kò ní jẹ ìkejì.”

Tíṣà rọra ní, “Ẹni tí ò bá bo etí ò lè dúró, Mà. Mo fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì.”

“A ti ń lọ.” Ó yíjú padà. Ìbòtí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rántí dá a padà.

Ọmọ tẹ̀lé e. Kò ní mọ́ ìyá rẹ̀ lójú, òṣì níí ta irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n ó dùn ún wọra.

Wọ́n dé ìdajì àtẹ̀gùn nígbà tí ẹ́ńjìnnì dáhùn nísàlẹ̀. Ó kọ́kọ́ hú, ó wá rọlẹ̀, ó ń lu dùn-ùn, dùn-ùn, títí ó fi gba inú irin wọ àtẹ́lẹsẹ̀. Sílíńdà mẹ́fà ni, àwọn àgbá irin tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, wọ́n sì ń lù tẹ̀ léra wọn. Ìkarùn-ún ń pẹ́ díẹ̀. Ọmọbìnrin náà dúró. Ó dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó di ojú, ó la ẹnu díẹ̀. Kò mọ̀ pé bí bàbá òun ṣe máa ń dúró nìyẹn. Ìyá rẹ̀ mọ̀.

Lójijì, nǹkan bò ó létí méjèèjì, ariwo sì lọ jìnnà. Ó la ojú. Ojú ìyá rẹ̀ ló rí níwájú rẹ̀ gan-an. Ọwọ́ ìyá méjèèjì wà lórí ìbòtí, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn létí, ẹnu rẹ̀ ń sáré, èébú ló dájú pé ó ń bú. Nísàlẹ̀, tíṣà nawọ́ sókè bó ṣe ń kí òbí tó bá ti ṣe tirẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pàtẹ́wọ́ tẹ́nìkan ò gbọ́.

Ìyá rí wọn. Ẹnu rẹ̀ dúró. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí ìbòtí náà. Ọmọ ń retí kó yọ ọ́.

Kò yọ ọ́. Ó gbọ́wọ́ kúrò, ó fi ìbòtí sílẹ̀ níbi tó wà.

Ọmọ tọ́ka sí etí ìyá: tiyín ńkọ́? Aránṣọ kì í ṣaláìní àjákù aṣọ. Ìyá fa méjì yọ nínú àpò, ó fi dí etí. Ó wá fa etí ara rẹ̀: bàbá ẹ mọ̀? Ọmọ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá sì fọwọ́ sọ èyí tí kò ṣe é túmọ̀ níwájú àlejò, fún àwọn méjèèjì, bàbá àtọmọ.

Lẹ́yìn náà, ó béèrè: kí lo gbọ́?

Mẹ́fà. Ìkarùn-ún ń pẹ́.

Lọ sọ fún tíṣà.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Nísàlẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo síra wọn létí tí wọ́n ti bò, ọ̀rọ̀ ò wọlé. Ìgbà náà ló yé e pé ilé ìdáná ìyá òun lòun ti kọ́ èdè ibí yìí. Ó na ìka márùn-ún sí tíṣà, ó rọra mi ọwọ́ lọ, mi ọwọ́ bọ̀: ó ń pẹ́. Tíṣà wò ó, ó wo ẹ́ńjìnnì, ó sì lọ síbẹ̀.

Ọmọbìnrin náà bojú wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ ti jókòó lórí àtẹ̀gùn. Gírísì irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di dúdú. Ó yẹ ọwọ́ náà wò, tàtẹ́lẹwọ́ tẹ̀yìn. Ó wá fa ẹ̀wù funfun náà mọ́ra, ó sì fi nu gírísì náà, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.