Láfún Lórí, Àdìrẹ Nínú

Òfin kan wà tí Màmá Lois kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn: láfún kò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀ tí àdìrẹ bá wà. Orí ọkọ̀ ni kó máa gbé. Ó ní òórùn láfún kì í wọ inú òwú kó tún jáde mọ́, àwọn obìnrin tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ òun ní Gbági, n'Íbàdàn, a sì máa gbé aṣọ sí imú kí wọ́n tó gbé e sójú. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta náà ti ń ṣe nìyẹn bí wọ́n bá ra láfún ní Òṣíẹ̀lẹ̀ mọ́ ẹrù aṣọ: aṣọ nínú, láfún lórí.

Ní ọ̀sán Sátidé kan tí òjò àkọ́rọ̀ ń ṣú bọ̀, òfin yìí ló dá ìjà sílẹ̀ lẹ́bàá títì ní Òṣíẹ̀lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíípù ńlá àtijọ́ tí bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó kú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," Adépéjú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wí. "Ẹ jẹ́ ká kó láfún sísàlẹ̀ nínú ọkọ̀, ká kó aṣọ lé e. Atẹ́gùn ń bọ̀."

"Kí n kó aṣọ lé láfún," Màmá Lois wí. "Tí oníbàárà bá wá ń ná ìró lọ́wọ́ mi, kí n bi í bóyá ó fẹ́ ọbẹ̀ sí i."

Ọbáfẹ́mi, ẹ̀gbọ́n Adépéjú, rẹ́rìn-ín lókè ọkọ̀ níbi tó ti ń di àwọn àpò láfún mọ́lẹ̀. Láràárọ̀ ni í wakọ̀ láti ilé wọn ní Ìjẹmọ̀ lọ sí ọ́fíìsì l'Ékòó, kò sì sí ohun tó burú lójú rẹ̀ bíi kí ọkọ̀ máa rìn jẹ́jẹ́. "Péjú, jíípù nìyí, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá. Atẹ́gùn wo ló fẹ́ gbé gbogbo irin yìí?"

"Kò ní gbé e. Yóò bì í ṣubú ni."

Adépéjú náà ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, àmọ́ abẹ́ jíípù yìí ló ti máa ń lo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Yóò tú nǹkan, yóò wò ó, yóò tò ó padà, bí ó bá ṣẹ́ ku ọ̀kan nílẹ̀, yóò tún un tú. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ náà ga, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì fẹ̀ bí ògiri. Òkè ni atẹ́gùn ti ń taari ọkọ̀, ìsàlẹ̀ ni táyà ti ń di ilẹ̀ mú. Bí èèyàn bá ru garawa omi, ìka kan tó láti taari rẹ̀ kó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Bó bá fi ọwọ́ gbé garawa náà nílẹ̀, èèyàn á bá a jà kó tó mì. Láfún tó wúwo wà lórí, aṣọ tó fúyẹ́ wà nísàlẹ̀: wọ́n ti gbé garawa ka jíípù lórí. Sítíárìn pàápàá ti jẹ. Awakọ̀ á yí i díẹ̀ lásán kí táyà tó gbọ́. Ó ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, àmọ́ kò tíì kan àwọn rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti gbó.

Gbogbo èyí ì bá má dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí bẹ́líìtì lẹ́yìn ọkọ̀ mọ́, ẹ̀yìn sì ni ìyá wọn máa ń jókòó sí, láàárín aṣọ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣubú, Màmá Lois ni yóò kú. Òun nìkan ló kù fún wọn.

"Ẹ jókòó síwájú, Màmá. Èmi á lọ sẹ́yìn."

"Ta ni yóò mójú tó aṣọ?" Màmá Lois wọlé sẹ́yìn, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n gbéra lọ sí Ìbàdàn, Ọbáfẹ́mi ń wakọ̀, Adépéjú jókòó tì í níwájú. Màmá Lois tẹ́ àdìrẹ oníko kan sórí itan, èyí tí wọ́n ti rẹ tó sì ti gbẹ, ó ń fi abẹ tú àwọn ìko tí wọ́n fi dì í, bó ṣe máa ń ṣe lójú ọ̀nà. Okùn tó di láfún mú wà lókè orí rẹ̀ gan-an. Irin òkè ọkọ̀ ti dípẹtà kọjá ohun tí èèyàn lè so nǹkan mọ́, nítorí náà Ọbáfẹ́mi mú okùn gba ojú fèrèsé kan wọlé, ó fà á la inú ọkọ̀ kọjá, ó mú un jáde lójú fèrèsé kejì, ó sì fi yí ẹrù ká lórí. Okùn náà le dandan bí irin.

Wọ́n ti kọjá Ọdẹ́dá nígbà tí ojú ọ̀run dúdú tán. Wọ́n dé ibi tí wọ́n ti la òkè láàárín kí títì lè kọjá, ilẹ̀ pupa ga ní ọ̀tún àti ní òsì. Kò sí atẹ́gùn níbẹ̀ rárá, ọkọ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Irú ibẹ̀ ló máa ń tan awakọ̀ jẹ. Ọbáfẹ́mi tẹ̀ná.

"Níbo ni atẹ́gùn rẹ wà, Péjú?"

Ibi tí òkè parí sí ló ti ń dúró dè wọ́n.

Ó kan jíípù náà lápá ọ̀tún bí màlúù ṣe ń kan ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ fò sí òsì, sójú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀. Ọlọ́kadà kan ń bọ̀ níwájú. Kí wọ́n tó pa á ni atẹ́gùn ti gbé òun àti ọ̀kadà rẹ̀ sọ sínú gọ́tà. Tapólì tí wọ́n fi bo láfún já ní igun kan, ó wú bí ikùn, ó ń lu òrùlé ọkọ̀ gbì, gbì. Ọbáfẹ́mi fa sítíárìn sí ọ̀tún. Kò kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tó máa gbọ́, ó gbọ́ jù. Ọkọ̀ já sí ọ̀tún, ẹrù orí rẹ̀ sì fì í padà sí òsì. Ìdì aṣọ kan fò, ó gbá Màmá Lois lẹ́yìn ọrùn.

"Ọbáfẹ́mi, ṣé ewúrẹ́ lo kó ni?" ó ní.

"Ẹ má fà á báyẹn, Bọ̀ọ̀dá mi," Adépéjú wí. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ má sì tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ di sítíárìn mú lásán. Bó bá gbé wa, ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ dúró kó gbọ́. Ẹ jẹ́ ká dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ká sọ ẹrù yìí kalẹ̀."

"Kí igi lè wó pa wá?"

Atẹ́gùn tún dé. Adépéjú na ọwọ́ sí sítíárìn. Ọbáfẹ́mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a lẹ́nu, ètè rẹ̀ bẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ta sára gíláàsì.

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò. Ìwọ kọ́ ni Bàbá fi ọkọ̀ yìí lé lọ́wọ́."

"O lu àbúrò rẹ níṣojú mi," Màmá Lois wí. Kò sí eré nínú ohùn rẹ̀ mọ́. "A máa délé, Ọbáfẹ́mi."

Tírélà kan ló wà níwájú wọn, fóòmù ìbùsùn ni wọ́n kó sínú rẹ̀ dókè, ó ń fì bí ọ̀mùtí. Ọbáfẹ́mi fẹ́ yà á sílẹ̀.

"Ẹ má yà á. Òsì ni yóò wó sí. Bọ̀ọ̀dá mi, fóòmù ni, kò wúwo."

Ó ti bọ́ sí òsì tírélà náà. Ara tírélà dí atẹ́gùn mọ́ wọn, inú ọkọ̀ dákẹ́ lójijì. Adépéjú gbójú sókè ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí ògiri irin tó dagun bò wọ́n. Ọbáfẹ́mi náà rí i. Ó tẹ tọ́rótù dé ìsàlẹ̀, jíípù ké, ó fò síwájú. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ ti kúrò lábẹ́ tírélà ni tírélà wó, ó ha títì lọ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ariwo irin, fóòmù sì ń fò káàkiri ojú ọ̀run bí ìyẹ́ adìẹ tí ajá pa.

Ibi tí wọ́n jáde sí níwájú rẹ̀ ni atẹ́gùn wà. Ó gbé páànù kan kúrò lórí àtíbàbà tí wọ́n ti ń ta iṣu lẹ́bàá ọ̀nà, páànù náà sì fi igun rẹ̀ wọ gíláàsì iwájú.

Gíláàsì dà sí wọn lára. Páànù náà la iwájú orí Ọbáfẹ́mi láti ibi irun dé ìpéǹpéjú, awọ rẹ̀ sì já wálẹ̀ bo ojú rẹ̀ kan. Ẹ̀jẹ̀ bo èkejì. Gbogbo ara rẹ̀ gan, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà lórí tọ́rótù náà gan síbẹ̀. Ọkọ̀ ń sáré, kò sí ẹni tó ń wo iwájú.

Adépéjú di sítíárìn mú. Ọbáfẹ́mi tí kò ríran mọ́ tún ń fà á sí ọ̀tún pẹ̀lú agbára, ó ń bú ramúramù. Adépéjú mọ̀ pé bó bá fà á délẹ̀, wọ́n máa takìtì. Ó tẹrí, ó sì bu ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ títí eyín fi kan egungun. Ọwọ́ náà já bọ́.

Nígbà náà ni sítíárìn fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti mọ ohun tó jẹ́: táyà ọ̀tún ti kúrò nílẹ̀. Jíípù ń fi ẹsẹ̀ òsì nìkan rìn. Ohun tí ọkàn sọ ni pé kó yí i sí ọ̀tún, kó sá fún ibi tó ń ṣubú sí. Ó yí i sí òsì díẹ̀, kí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lè lé orí rẹ̀ bá. Ọ̀nà òsì ṣófo. Táyà kan nílẹ̀, ó tún gbéra. Kò lè fi ọwọ́ kankan sílẹ̀ láti fa jíà. Láfún tó wà lókè ló ń fà wọ́n.

"Màmá, ẹ gé okùn."

"Okùn wo?"

"Èyí tó wà lókè orí yín. Ẹ fi abẹ gé e. Kí láfún ṣubú."

Màmá Lois ti wà ní ìdúbúlẹ̀ lábẹ́ ìdì aṣọ méjì, orúnkún rẹ̀ wà létí fèrèsé. Ó jà jáde. Kò bèèrè nǹkan mìíràn. Ó fi ọwọ́ òsì di okùn mú lẹ́bàá fèrèsé, ó sì fi abẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ́ ẹ bó ṣe ń rẹ́ ìko láti ìgbà èwe rẹ̀, kíá, láìwo ibòmíràn. Nítorí pé okùn náà le, abẹ kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Ó já pẹ̀lú ìró bí ìbọn. Ó sì sá jáde lójú fèrèsé pẹ̀lú ìka Màmá Lois méjì tó dì í mú.

Àwọn àpò láfún yí dànù sí òsì, wọ́n ń bẹ́ lórí títì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan yọ̀ síwájú, ó fàya lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì gba ibi tí gíláàsì ti kúrò wọlé, ó funfun lójú, lẹ́nu, nímú. Jíípù náà fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lu ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí eyín Adépéjú fi pàdé. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Atẹ́gùn tún gbá a, ó mì, àmọ́ kò gbéra.

Nísinsìnyí ó lè fi ọwọ́ kan sílẹ̀. Ó fa jíà kúrò, ẹ́ńjìnnì pariwo lásán, kò gbé wọn mọ́. Ó ń fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dúró nínú koríko.

Nígbà tó ṣíjú wo ẹ̀yìn, Màmá Lois jókòó ṣánṣán, ó funfun láti orí dé àyà, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó wà láàyè. Adépéjú fà lára aṣọ tó kọ́kọ́ bá ọwọ́ rẹ̀ pàdé láti fi dì í.

"Kì í ṣe ìyẹn," Màmá Lois wí. "Oníbàárà ti sanwó ìyẹn fún mi. Mú tinú ìdì kejì."

Ó mú tinú ìdì kejì. Ó dì í le, ó dì í le sí i, ìyá rẹ̀ sì fi eyín di ètè mú, kò ké. Ó fi òmíràn di ojú Ọbáfẹ́mi. Òjò bẹ̀rẹ̀, láfún tó wà lójú wọn di ọ̀kà.

"Péjú," Ọbáfẹ́mi wí lábẹ́ aṣọ náà. "Màmá ńkọ́?"

"Ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ gbé ọwọ́ wọn sókè, ẹ má jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀."

Tírélà ti dí ọ̀nà Abẹ́òkúta, wọ́n sì ti gbé ọlọ́kadà yẹn jókòó lẹ́bàá gọ́tà, àwọn èèyàn ń sáré lọ síbi tírélà. Iwájú ni ọsibítù tí wọ́n lè dé wà. Adépéjú kó gbogbo ìdì aṣọ sílẹ̀ pẹrẹsẹ yí ìyá rẹ̀ ká, ó jókòó síbi ìwakọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbé ọkọ̀ jáde pẹ̀lú òjò lójú. Ó ń lọ jẹ́jẹ́. Atẹ́gùn kò tíì dáwọ́ dúró, ó ń gbá wọn bó ti ń gbá wọn tẹ́lẹ̀. Yóò yí sítíárìn díẹ̀, yóò dúró kó gbọ́.

Lẹ́yìn ọkọ̀, Màmá Lois fa ọwọ́ tí wọ́n dì náà gbà lọ́wọ́ Ọbáfẹ́mi, ó gbé e sí imú.

"Òórùn láfún ti wọ̀ ọ́," ó ní.

Ó na ọwọ́ náà padà sí ọmọ rẹ̀.

"Ọbáfẹ́mi, gbé ọwọ́ mi sókè. Ṣé ìwọ náà kò gbọ́ ohun tí àbúrò rẹ sọ ni?"